Owó Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ji Òkú

Bí mo bá lọ síbi ìsìnkú Mùsùlùmí nílùú yìí, mi ò kì í dúró dé ìparí. Bí wọ́n bá ti kírun sí òkú lára tán, tí ààfáà ń múra àtibéèrè pé ta ni olóògbé jẹ ní gbèsè, mà á ti bọ́ sẹ́yìn, mà á ti máa wá bàtà mi. Àwọn èèyàn rò pé ara àgbà ni kò jẹ́ kí n lè dúró nínú oòrùn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú èrò wọn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kí wọ́n tó gbé òkú lọ sínú ilẹ̀, ààfáà á béèrè lẹ́ẹ̀mẹta níwájú gbogbo èèyàn bóyá ó jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tí olóògbé bá jẹ lówó lè sọ pé òun á lọ rí àwọn ọmọ, ó sì lè sọ pé òun ti fi jì í, kí olóògbé má baà gbé gbèsè dé iwájú Ọlọ́run. Àṣà tó dára ni. Mi ò bá àṣà jà, ara mi ni mò ń bá jà láti ọjọ́ yìí wá.

Láti ìgbà tí mo jáde ní Sítáńdáàdì Síìsì títí di ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ọ̀fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí tíṣọ̀n rélùwéè. Ẹ̀rọ kan ló wà níbẹ̀ tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bíi máṣíìnì ìránṣọ. Èmi ni mo ń to lẹ́tà. Òjé ni wọ́n fi ṣe àwọn lẹ́tà náà, wọ́n kéré, wọ́n wà nínú àpótí tí wọ́n pín sí yàrá yàrá, A ní yàrá tirẹ̀, B ní yàrá tirẹ̀. Láti òdì lèèyàn ń tò wọ́n, kí wọ́n tó lè jáde dáadáa lórí ìwé. Ẹ àti Ọ tó ní àmì lábẹ́ kì í tó wa rárá. Bí káàdì ìgbéyàwó bá pọ̀ lọ́sẹ̀ kan, a máa ní láti tẹ ti ìyàwó kan tán, kí á tú u palẹ̀, kí á tó lè to ti èkejì.

Àbúrò mi obìnrin ló máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi bó bá ti ilé ìwé dé. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí kó tó kú, bàbá wa náà sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá wa la ń gbé, Bàbá Kékeré là ń pè é. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ju àbúrò mi lọ. Á gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á sì máa ka ohun tí mo tò láti òdì, láìkọsẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó gba èmi fúnra mi ní oṣù mẹ́ta kí n tó lè kà á bẹ́ẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ Jímọ̀ síbí o,” ló sọ lọ́jọ́ kan, “Sátidé sì ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n mú wá. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ ìyàwó wá bá yín níbí ni?”

Ó gbà mí lọ́jọ́ yẹn. Bó bá kà á tán, á kó àwọn agolo yíǹkì tó ti ṣófo jọ sẹ́yìnkùlé, á tò wọ́n ní ìlà, á mú igi dání, á sì máa kọ́ wọn ní A, B, D. Agolo kan wà tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló máa ń nà jù. Mo sọ fún un pé olùkọ́ ló máa ṣe, pé èmi ni mà á rán an lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣèlérí yẹn. Ẹnu ara mi ni mo fi ṣe é.

Ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn bó bá burú, nítorí ọkàn mi ì bá ti sinmi nípa bíbú u. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Òun ló ra aṣọ funfun tí wọ́n fi sin bàbá mi, òun ló sì mú mi síṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ owó ẹ̀kọ́. Ní gbogbo Sátidé, á fún mi ní owó oúnjẹ. Èyí tó kù nínú owó oṣù mi, á ní, “Ó wà lọ́dọ̀ mi. Mò ń bá ọ tọ́jú ẹ̀ ni. Owó a máa yọ́ lọ́wọ́ ọmọdé.”

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn, tí ọmọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ kì í béèrè, àgbà kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí pé àwa tí à ń tẹ rìsíìtì fún gbogbo ìlú, láti ojú irin títí dé Ìlẹmọ́nà, kò sí bébà kan láàárín èmi àti ọ̀gá mi. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ó ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Bí Iléyá bá ti sún mọ́, á pè mí wọ yàrá, á ka owó gidi lé mi lọ́wọ́. Owó yẹn ni mo fi ń san owó ilé ìwé àbúrò mi.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ dínkù. Àwọn olóṣèlú tó ń kó bébà wá fún wa nígbà ìbò kò wá mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì san èyí tí wọ́n jẹ. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, owó oúnjẹ nìkan ni mo rí gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá mi wo àpótí lẹ́tà, ó wò mí, ó ní kí n lọ sinmi nílé ná, pé bí nǹkan bá dára òun á ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo béèrè owó mi. Ó ní, “Ṣé èmi àti ẹ la ó tún máa fa ọ̀rọ̀ owó? Jẹ́ n rí nǹkan tà.”

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí lẹ́tà àbúrò mi dé. Ó ti yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tó fẹ́ ṣe olùkọ́. Oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa wọlé, kí ó mú owó ìwọlé wá, àti búláńkẹ́ẹ̀tì, àti aṣọ méjì, àti àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó ka lẹ́tà náà fún mi tó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní òun mọ̀ pé mo ti gbọ́, ó sì tún kà á.

Bàbá Kékeré kò kọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun kò lówó ni. Àwọn ọmọ tirẹ̀ méje ń jẹun nínú oko tí kò tóbi. Ó ní bí mo bá rí owó náà kí ilé ìwé tó wọlé, kí àbúrò mi máa lọ, òun á gbàdúrà sí i. Bí mi ò bá rí i, ọkùnrin kan wà, ọmọ ìlú wa tó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, tó ti ń béèrè ọmọ náà láti ọjọ́ pípẹ́, òun kò sì ní fi ọmọbìnrin tó ti bàlágà jókòó sílé lásán. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Owó mi tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi ló máa pinnu ibi tí àbúrò mi máa gbà lọ.

Mo lọ, mo bọ̀, títí ẹsẹ̀ mi fi mọ ọ̀nà ilé ọ̀gá mi ju ọ̀nà ilé wa lọ. Bí mo bá dé ní àárọ̀, wọ́n á ní ó ti jáde. Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní ó ń kírun. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ó wà lóko ní Òjòkú, mo gun kẹ̀kẹ́ mi débẹ̀. Àwọn tó wà lóko ní kò débẹ̀ láti ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo padà dé, mo rí i lójú ilé rẹ̀ tó ń fi pákò rin eyín. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà àbúrò mi. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ náà ni o, ṣùgbọ́n inú bí mi.

Akọ̀wé kan ní tíṣọ̀n, tí a máa ń tẹ ìwé fún, ló sọ fún mi pé ọ́fíìsì ìjọba kan wà ní Ìlọrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, pé Lébà ni wọ́n ń pè é. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo lọ. Òyìnbó ni mo rò pé mà á bá. Ọkùnrin dúdú kan ni mo bá, ará ìhà Ìlà-Oòrùn, tí kò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì Sítáńdáàdì Síìsì mi sọ tẹnu mi. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá béèrè pé, “Lífù rẹ ńkọ́?”

Mo ní mi ò lọ lífù rí. Ó ní kì í ṣe ohun tí òun ń béèrè nìyẹn. Ó ní ọjọ́ ìsinmi tí wọn kò fún mi náà ní owó tirẹ̀, àti pé ọ̀gá mi jẹ mí ní owó yẹn pẹ̀lú. Mo bú sẹ́rìn-ín, mi ò lè pa á mọ́ra. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n máa ń sanwó fún ẹni tó jókòó sílé. Ọkùnrin náà kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Owó rẹ ni.” Kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí.

Wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ó wá sí Ìlọrin pẹ̀lú agbádá funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ọ̀gá Lébà ń wò wá láti inú ilé bí ẹni ń wo iṣẹ́ àrà. Nígbà tí wọ́n bi í, ọ̀gá mi kò jiyàn. Ó ní lóòótọ́ ni, òun jẹ mí ní owó oṣù mẹ́jọ, bí ìjọba bá sì sọ pé owó lífù wà, ó wà. Ó fọwọ́ sí ìwé pé òun á san gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé àbúrò mi máa wọlé.

Ọkọ̀ kan náà la wọ̀ padà sí Ọ̀fà. Ó pè mí kí n wá jókòó síwájú òun. Ó ra ẹ̀pà, ó ya ìdajì fún mi. Ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ọyẹ́ ti mú. Nígbà tó yá, ó ní, “Ìjọba lo wá gbé lé mi lórí, ìwọ ọmọ yìí.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Àbúrò mi ni.”

Ó ní, “Bàbá ẹ ò jẹ́ ṣe èyí sí mi láéláé.”  Mo mú ẹ̀pà yẹn dání délé láìjẹ ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ náà ti délé ṣáájú wa. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé mo gbé ọ̀gá mi lọ sí kóòtù. Kì í ṣe kóòtù, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn tí mo bá kí á dá mi lóhùn tán, wọ́n á wá máa wò mí láti ẹ̀yìn. Mo mú un mọ́ra. Mo ta kẹ̀kẹ́ mi, mo fi owó rẹ̀ ra àpótí onírin, wọ́n kùn ún ní búlúù, wọ́n ya òdòdó pupa sí i lójú. Àbúrò mi á di ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀, á tún tú u, á tún un dì. Ó ń to aṣọ méjì bí ẹni ń to ogún. Ó fi aṣọ àlòkù nu àpótí náà lójoojúmọ́ nítorí ekuru ọyẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, ọ̀gá mi ṣe àlùwàlá àárọ̀, ó jókòó kí ó fi aṣọ nu ẹsẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Mo gbọ́, ara mi sì tutù. Mo sunkún, ẹkún gidi ni. Ẹni tó ra aṣọ ìsìnkú bàbá mi ni. Nígbà tí mò ń múra lọ, àbúrò mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò fẹ́ sọ ọ́, ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. “Bọ̀ọ̀dá, owó yẹn ńkọ́?”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní wọ́n máa béèrè níbi ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. “Bí wọ́n bá ti béèrè, mà á dáhùn pé ó kù tèmi lọ́dọ̀ wọn, mà á lọ rí àwọn ọmọ. Kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó mi orí, ó sì padà lọ nu àpótí rẹ̀.

Nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni, gbogbo ọkùnrin ìlú ló kúrò ní mọ́sáláṣí lọ síbẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó gbé òkú. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. A gbé e kalẹ̀, wọ́n kírun sí i lára, ààfáà bá yíjú sí wa.

Ó béèrè lẹ́ẹ̀kíní. Mo la ẹnu láti dáhùn. Mo gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn mi tó ní, “Lẹ́tà ìjọba yẹn ló pa á.” Kò pariwo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n gbọ́.

Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí ọ̀dọ̀ mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Gbogbo wọn ló mọ̀. Àkọ́bí ọ̀gá mi, ẹni tó ti ní ìyàwó méjì, dúró níwájú òkú bàbá rẹ̀, omijé ń bọ́ sí àyà aṣọ rẹ̀, ojú mi ló sì ń wò. Bàbá Kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀.

Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Mo sì ní, “Mo ti fi jì wọ́n.”

Ohùn mi jáde ketekete. Gbogbo èèyàn ké “Àmín!” lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́bí ọ̀gá mi wá dì mọ́ mi. Àwọn àgbà tó ti ń wò mí láti ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ ń fọwọ́ kan mi lórí, wọ́n ń sọ pé ọmọ tí wọ́n bí ire ni mí, pé Ọlọ́run á fi ìlọ́po rẹ̀ san án fún mi. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, pé ó dùn mọ́ mi. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi. Mo ń bá wọn bọ̀ láti ibojì, mo ń rìn bí ọmọ ọba, ó sì di ìgbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti kọjá lórí ojú irin kí n tó rántí àbúrò mi. Mo dúró lórí irin títí ẹnì kan fi fà mí kúrò.

Orí àpótí náà ló jókòó sí nígbà tí mo wọlé. Ó ní, “Ẹ sọ ọ́?”

Mo ní, “Mo sọ.”

“Kí lẹ sọ?”

Òdòdó pupa ojú àpótí náà ni mò ń wò. Ó wò mí. Ó mọ̀ mí láti òdì, bó ṣe mọ lẹ́tà. Ó dìde, ó ṣí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn aṣọ náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mi ò kàn jókòó o. Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá àkọ́bí ọ̀gá mi. Kí n tó sọ̀rọ̀ ló ti dìde, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ẹrù bàbá wọn kalẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá mi, obìnrin tó ti fún mi lóúnjẹ láìlóǹkà, fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú èmi ọmọdé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣí ẹnu béèrè owó? Wọ́n fún mi ní fìlà bàbá wọn. Mo gbà á, mo lọ.

Bàbá Kékeré ní, “Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo rò pé òun náà ti retí pé kí n sọ pé ó kù tèmi lọ́dọ̀ wọn.

Mo tún lọ sí Ìlọrin. Ọ̀gá Lébà gbọ́ tẹnu mi tán, ó béèrè bóyá mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti fi owó náà sílẹ̀. Mo ní rárá, ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ó ní lójú ìjọba, kò sí ohun tó yí padà. Kí n kọ lẹ́tà kan péré, òun á pe àwọn ọmọ. Ó ti bébà àti kálàmù sí iwájú mi. Èmi tí mo ti to ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú, mi ò lè kọ ìlà kan. Ojú ìyàwó ọ̀gá mi ni mò ń rí lórí bébà náà, àti gbogbo ojú tó yí padà wò mí níbi ibojì. Bí mo bá kọ ọ́, níbo ni mà á máa gbé nínú Ọ̀fà? Ọkùnrin náà dúró dúró, ó sì gba kálàmù rẹ̀ padà. Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ láàárín wa láti ọdún mẹ́rin, àwọn nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ wa tí òun kò ní lóye láéláé.

Ilé ìwé wọlé láìsí àbúrò mi. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ ọkùnrin Jọ́ọ̀sì. Àpótí kan náà ló fi kó ẹrù lọ sílé ọkọ. Èmi ni mo gbé e sórí dé tíṣọ̀n. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú náà. Kò sí èèyàn burúkú kankan nínú ìtàn yìí, ó sú mi.

Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, àbúrò mi yọ orí lójú fèrèsé. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbójú sókè. Mo ti fi jì yín.”

Ketekete ló sọ ọ́, bí mo ṣe sọ tèmi gẹ́lẹ́. Àwọn tó dúró tì wá ní tíṣọ̀n ní, “Ọmọ dáadáa.” Ọkọ̀ gbéra. Ẹlòmíràn ì bá ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara rẹ̀ nínú, èmi kò lè fi tu ara mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé èèyàn lè sọ ọ́ kó dún dáadáa nítorí àwọn tó ń wò ó, kí nǹkan kan nínú rẹ̀ má sì tíì fi jini rárá.

Ó ń kọ lẹ́tà sí mi láti Jọ́ọ̀sì. Ọjà ń tà, òtútù pọ̀, ó ti bímọ, ó tún ti bí òmíràn. Nínú ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà, ó kọ ìlà tó gbẹ̀yìn láti òdì, bí lẹ́tà òjé, kí ọkọ rẹ̀ má baà lè kà á. Èmi kà á. Ó ní, “Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé wa ní A, B, D lẹ́yìnkùlé.” Mo ká lẹ́tà náà, mo fi sínú fìlà ọ̀gá mi, tí mi ò dé rí.

Bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tó lọ, wọ́n gbé e wálé. Àyà ló ń dùn ún, ó ti rù. Èmi ti ní ìyàwó nígbà náà, mò ń ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà kan. Yàrá mi ló sùn sí fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo máa ń bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, á mu ún díẹ̀, á ní ó tó. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ náà á wá sí ẹnu mi pé, “Ọjọ́ yẹn ní tíṣọ̀n, ṣé láti inú ni?” Mà á gbé e mì. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè dáhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó béèrè agolo yíǹkì tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, bóyá mo ṣì ní i. Mo ní mi ò ní i. Ó ní, “Mo nà án jù,” ó sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ló kú.

Ibi kan náà la gbé e lọ, kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sí ibojì ọ̀gá mi. Wọ́n kírun sí i lára. Ààfáà yíjú sí wa, ó béèrè bóyá arábìnrin yìí jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ohùn ara mi.

Mo ní, “Èmi ni mo jẹ ẹ́.”

Ààfáà wò mí, gbogbo èèyàn wò mí. Ó rọra dáhùn pé, “Kì í ṣe ohun tí à ń béèrè nìyẹn, ẹ̀gbọ́n olóògbé.” Ó ní kí a gbé e. A sì gbé e.